Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìnáwó Kérésìmesì Lásìkò Ọ̀wọ́n Gógó

"Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́." Eku kì í lọ wo ìtẹ́ ẹlòmíràn kó tó tẹ́ tirẹ̀. Ara rẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n: bí ó bá ti yípo nínú koríko tí koríko náà sì bò ó dáadáa, ilé ti tó. Èyí tó bá fẹ̀ jù á gba òtútù láyè, ejò náà á sì ráyè wọlé. Èyí tó bá há jù, ọmọ kò ní í rí ibi sùn sí. Ibí yìí ni òwe náà ti yàtọ̀ sí "ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n", tí wọ́n fi ń bá ẹni tó ń ṣe kọjá agbára rẹ̀ wí. Òwe eku kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ohun tó ń sọ ni pé ara ni kí èèyàn kọ́kọ́ wọ̀n kó tó wọn ilé. Ahun tó bá fi òwe yìí gbè ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó ń febi pa ọmọ lọ́jọ́ ọdún, ti ṣì í lò, nítorí ìtẹ́ tó kéré ju eku lọ ta ko òwe náà gẹ́gẹ́ bí èyí tó tóbi jù ú lọ ṣe ta kò ó.

Kí ni ìwọ̀n ìtẹ́ Kérésìmesì nílé Yorùbá? Ọdún náà fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Ní oṣù Kejìlá 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, jọ ṣe é ní Àgbádárìgì. Ìrẹsì tí ọ̀pọ̀ ilé kà sí ọdún gan-an lónìí ni kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Iyán àti ọkà ni àsè àwọn baba ńlá. Títí di nǹkan bí 1960 sí 1970, oúnjẹ ọjọ́ Àìkú àti ti ọjọ́ ọdún ni ìrẹsì ní ọ̀pọ̀ ilé, àwọn àgbàlagbà sì ṣì ń rántí pé òórùn ọbẹ̀ ata ló ń jí wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

Owó epo rọ̀bì ló yí i padà. Ní ìparí 1974, ìjọba Yakubu Gowon gba àbá ìgbìmọ̀ Jerome Udoji pé kí wọ́n bu kún owó oṣù òṣìṣẹ́. Nígbà tí àjẹsílẹ̀ owó náà wọlé ní 1975, rédíò, alùpùpù àti aṣọ olówó ńlá kún ilé, "owó Udoji" sì di orúkọ tí wọ́n ń pe owó òjijì. Àpò ìrẹsì láti òkèèrè di ohun tí wọ́n ń rà láìronú lé e. Ìtẹ́ fẹ̀ nígbà náà nítorí pé eku sanra. Kò pẹ́ tí eku fi rù. Òfin ìṣúnnáwó Ààrẹ Shehu Shagari dé ní 1982. Ìjọba Ibrahim Babangida fòfin de ìrẹsì òkèèrè ní 1985. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986, náírà sì já wálẹ̀. Bọ́sí-kọ́nà wá di aṣọ ọdún fún ọmọ ẹni tí kò jẹ́ bojú wo irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ ìtẹ́ ọdún 1975 ni ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń gbìyànjú láti kún títí di òní, tí wọ́n sì rò pé àṣà àtayébáyé ni.

Àkókò tí eku rù tún padà wá ní 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò rẹ̀ lọ́jà. Àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, ṣírò ọ̀wọ́n gógó oṣù Kejìlá 2023 sí ìdá 28.92 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá 2024, ó ti di 34.80, ti oúnjẹ nìkan sì jẹ́ 39.84. Owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà ní oṣù Keje 2024, àmọ́ nígbà tí Kérésìmesì ọdún náà dé, àpò ìrẹsì oníwọ̀n 50 kìlógíráàmù ti wọ́n ju iye yẹn lọ ní ọ̀pọ̀ ọjà. Òṣìṣẹ́ tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò wọkọ̀ fún odidi oṣù kan, kò lè fi owó oṣù tó kéré jù lọ náà ra àpò kan ṣoṣo nígbà náà. Sapá ni àwọn ọ̀dọ́ ìgbòro sọ irú ọ̀dá owó yìí, bí ẹni pé àlejò kan ni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá ọ̀fẹ́ kan ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀mí tún ṣòfò ní Òkìjà àti ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọdún. Ó yẹ kí ẹni tó ń tú òwe yìí rántí wọn. Òwe sọ bí eku ṣe ń tẹ́ ìtẹ́. Kò sọ pé eku ló fọwọ́ ara rẹ̀ rù. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ìdínkù ìnáwó bá wí ni àwọn tí nǹkan díẹ̀ ṣì kù lọ́wọ́ wọn láti dín.

Nínú ohun tó ṣeé dín, aṣọ ló yẹ kó ṣíwájú. Ikùn àti aládùúgbò ló ni oúnjẹ, ojú ayé ló ni aṣọ tuntun. Aránṣọ àtijọ́ mọ èyí: ó máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọdé po sínú dáadáa, kí wọ́n lè máa tú u sílẹ̀ bí ọmọ ṣe ń ga, aṣọ kan á sì bá ọdún méjì tàbí mẹ́ta pàdé. Aránṣọ òde òní kì í fi àyè sílẹ̀ mọ́.  

Gbèsè aṣọ ọdún kì í ṣe tuntun. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú láyé ìjọba òyìnbó ni wọ́n sọ ní Òṣómàáló, nítorí pé wọ́n ń tà láwìn, wọ́n á sì wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n títí owó yóò fi pé. Ó kéré tán, wọ́n ń rí ojú ẹni tí wọ́n tà fún, ẹni náà sì ń rí tiwọn. Ayánilówó orí fóònù tó gba ipò wọn kò nílò àti lóṣòó: nọ́ńbà ìyá, àna àti ọ̀gá ajigbèsè ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ni yóò sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí nígbà tó bá di oṣù Kíní. Oṣù yẹn kan náà ni owó ilé-ìwé sáà kejì ń dé, nígbà tí owó oṣù Kejìlá tí wọ́n tètè san ti tán kó tó di ọjọ́ 1.

Ti ìkòkò yàtọ̀. Ìkòkò Kérésìmesì nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ti ará ilé nìkan. Ọmọ á ru abọ́ lọ fún aládùúgbò kan, á ru òmíràn lọ fún àwọn ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, abọ́ Kristẹni á sì wọ ilé Mùsùlùmí gẹ́gẹ́ bí ẹran Iléyá ṣe máa ń wọ ilé Kristẹni. Pàṣípààrọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sínú ìwé ni, gbogbo àdúgbò ló sì mọ ẹni tí abọ́ rẹ̀ kò jáde. Ilé tó bá gé abọ́ kúrò kí ó lè ra bàtà ti fi ohun tó ń so àdúgbò pọ̀ ra ohun tí ẹrẹ̀ yóò bàjẹ́. Ohun tó wà nínú abọ́ ló ṣeé dín. Adìẹ kan tí wọ́n gé sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ń dé ilé púpọ̀ ju èyí tí wọ́n gé sí mẹ́jọ. Adìẹ tó ti yé ẹyin tán kì í wọ́n tó adìẹ ẹran tí àwọn ọlọ́sìn sìn fún oṣù Kejìlá. Ẹran rẹ̀ yi, ṣùgbọ́n omi ẹran rẹ̀ dùn jù. Ẹni tó bá sì gún iyán lọ́jọ́ ọdún kò dẹ́ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni: iṣu kì í wọ́n lásìkò náà, nítorí pé ìkórè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí ni.

Ìmọ̀ràn tí àwọn kan máa ń fúnni, pé kí wọ́n tètè ra gbogbo nǹkan sílẹ̀, kò pé. Ohun ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tirẹ̀. Epo pupa máa ń pọ̀ lọ́jà láàárín oṣù Kejì sí Karùn-ún, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì epo ọdún, oṣù Kẹrin ni rírà rẹ̀ yẹ. Àlùbọ́sà tí wọ́n ń kórè lókè Ọya ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún máa ń gbówó lórí nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, ṣùgbọ́n ó tètè ń jẹrà, kò sì sí ohun tí ẹni tí kò ní ibi gbígbẹ tó fẹ́ atẹ́gùn lè ṣe sí i. Ìrẹsì wa, ọ̀fadà àti irú rẹ̀, máa ń jáde lóko lẹ́yìn òjò. Ti tòmátò tilẹ̀ jẹ́ òdìkejì: àárín òjò ló ń wọ́n jù, ẹni tó bá sì rà á sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án nítorí oṣù Kejìlá ti ra á ní ọ̀wọ́n, ó tún ti ná owó iná ẹ̀rọ amóhuntutù lé e. Ọmọ adìẹ tí àwọn kan ń rà ní oṣù Kẹwàá láti fúnra wọn sìn máa ń tó jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, àmọ́ oúnjẹ tó ń jẹ ló ń gbé gbogbo èrè lọ. Ẹni tó bá sìn díẹ̀ kì í sábà jèrè.

Ní ti ìrìn àjò, ìjọba gbé ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní Kérésìmesì 2023 àti 2024. Ó ran ẹni tí ilé rẹ̀ wà lójú irin láti Èkó dé Ìbàdàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò dé Ìmẹ̀kọ, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ń rọ́ lọ fún Kérésìmesì lọ́dọọdún. Àwọn ará òkèèrè tó ń wá fi pọ́n-ùn ṣe fàájì l'Ékòó ní àsìkò àríyá ìparí ọdún tí wọ́n ń pè ní Detty December kì í fi owó ọkọ̀ ṣe ìyọnu, bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n gbé e ga sí ni gbogbo ará ìlú ń san.

Àjọ ẹran ló sún mọ́ òwe eku jù lọ nínú gbogbo ọgbọ́n ọdún. Láti oṣù Kejì ni àwọn obìnrin ọjà tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì kan yóò ti máa dá iye kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olórí wọn á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó bá ku ọjọ́ bí mélòó kan sí ọdún, wọ́n á ra màlúù, wọ́n á pa á, wọ́n á sì pín in sí òkìtì òkìtì lórí tapólì: ẹran, ẹ̀dọ̀, ṣàkì, pọ̀nmọ́, kò sí ẹni tí kò ní í kàn. Bí màlúù bá ti gbówó lórí láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kejìlá, wọn kì í yáwó kún un. Màlúù méjì á di ọ̀kan, òkìtì á kéré, iye orúkọ tó wà nínú ìwé náà ni yóò sì jẹ́ iye òkìtì tó wà nílẹ̀.