Inú Ẹnu Kò Ṣókùnkùn Mọ́: Àyẹ̀wò Àwọn Irinṣẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì fún Ẹ̀kọ́ Fónẹ́tíìkì

Ẹni tó bá ti kọ́ àlejò ní orúkọ bíi Gbádébọ̀ rí ti mọ ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlejò á ní "Gubádébọ̀." A ó ní rárá. Á tún ní "Bádébọ̀." A ó ní kó máa wo ẹnu wa, á sì wò ó títí, ṣùgbọ́n ètè nìkan ló rí. Ẹ̀yìn ahọ́n tó gbéra lọ kan àfàsé ní àkókò kan náà tí ètè pa dé wà nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo yẹ díẹ̀ wò lára àwọn irinṣẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti mọ èyí tó wúlò fún ẹni tó ń kọ́ ìró èdè Yorùbá.

Èyí tó tanná sí òkùnkùn yẹn jù ni Seeing Speech ti Yunifásítì Glasgow ní Skọ́tláǹdì. Àtẹ IPA, ìyẹn àtẹ àmì ìró tí àwọn onímọ̀ fónẹ́tíìkì ń lò káàkiri àgbáyé, ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Bí a bá tẹ ìró kan, a ó rí ahọ́n ẹni tó ń pè é bó ṣe ń gbéra tó sì ń wálẹ̀, nínú àwòrán tí wọ́n fi ultrasound yà (irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún) tàbí MRI. Pink Trombone tí Neil Thapen gbé jáde lọ́dún 2017 gba ọ̀nà mìíràn. Àwòrán orí ènìyàn tí a là sí méjì ni, tó ń ké láìdákẹ́. Ibi tí ìka wa bá ti fún ọ̀nà èémí pa ni igbe rẹ̀ ti ń yí padà. Ó jọ eré ọmọdé, ariwo rẹ̀ sì lè lé ará ilé jáde. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, ẹ fi ìka kan dí ètè, kí ẹ fi èkejì dí ọ̀kánkán àfàsé, kí ẹ sì ká méjèèjì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò tíì rí àlàyé ìró àfàfàséfètèpè tó yá ju ìyẹn lọ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ inú àtẹ IPA, ó yẹ kí a kìlọ̀ fún un. Láti 1886 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tó ni àtẹ náà sílẹ̀ ní Paris, wọn kò sì fi akọtọ́ Yorùbá ṣe òṣùwọ̀n. [j] tiwọn ni "y" inú yàrá. [p] tiwọn kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò; [k͡p] ni wọ́n ń kọ fún "p" inú pápá. "Ọn" inú ìbọn àti "an" inú ìtàn, tí akọtọ́ wa yà sọ́tọ̀, fáwẹ́lì àránmúpè kan náà ni wọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa.

Àkójọ ohùn ti Yunifásítì UCLA ní Los Angeles ní èdè tó ju 200 lọ. Peter Ladefoged tó dá yàrá ìwádìí fónẹ́tíìkì ibẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa: ó kọ́ni ní Ìbàdàn ní 1959 sí 1960, ìwé rẹ̀ lórí fónẹ́tíìkì àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì jáde ní 1964. Olùwádìí ló máa jàǹfààní àkójọ náà jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á sọnù síbẹ̀. Bákan náà ni PHOIBLE, tó to ìró inú èdè 2,186 sílẹ̀ ní ọ̀nà 3,020. Ẹ wo iye méjì yẹn dáadáa: èdè kan lè ní ìtò méjì tàbí mẹ́ta, nítorí àwọn onímọ̀ kì í ka ìró bákan náà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, ohùn (òkè, àárín àti ìsàlẹ̀) ni ìṣòro wọn. Igun kan péré ni àtẹ IPA fún un, fídíò ahọ́n kò sì lè fi í hàn, torí tán-án-ná inú ọ̀fun ló ń ṣe é. Praat, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ló gbà wá níbi yìí. Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ló kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí "sọ̀rọ̀!" ní èdè Dutch. Kì í kọ́ ènìyàn ní nǹkan kan; ohùn tiwa ni yóò gbà, tí yóò sì ya ìlà bó ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ síwájú wa.

Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ìlù àti ìlú sílẹ̀. Mi ò kì í lo ọkọ àti ọkọ̀ tí gbogbo ìwé fi ń ṣe àpẹẹrẹ, nítorí tán-án-ná kì í gbọ̀n fún "k", ìlà á sì já sí méjì níbẹ̀. "L" kì í já a. Nínú ìlù, ìlà náà wà nísàlẹ̀, ó ń rọra yọ̀ lọ sílẹ̀ sí i. Nínú ìlú, ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, àmọ́ kò fò dé òkè. Inú fáwẹ́lì kejì ló ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Sà, ẹ ní ohùn mẹ́ta la ní. Ẹ̀kẹrin wo nìyí tó ń gun àkàbà?" Ìbéèrè gidi ni. Ohùn òkè tó bá tẹ̀lé tìsàlẹ̀ ló máa ń gun àkàbà báyẹn. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀lé tòkè, bíi nínú rárà tí wọ́n ń sun, á sọ̀ kalẹ̀. Ipò ló fà á, kì í ṣe pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yàn án, nítorí náà mẹ́ta náà ṣì ni. Kí iye hertz (òṣùwọ̀n gíga ohùn) má sì tan ẹnikẹ́ni. Ohùn ìsàlẹ̀ obìnrin lè ga ju ohùn òkè ọkùnrin lọ. Ohùn tó wà nítòsí rẹ̀ lẹ́nu ẹni kan náà ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Ní ti wíwá ọ̀rọ̀ lórí Forvo, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gba bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ sílẹ̀, àti irú rẹ̀, àmì ohùn ni ń da iṣẹ́ rú. Unicode kò ní ẹyọ àmì kan tó dúró fún "ọ́" tàbí "ẹ̀" lódindi; a ní láti to àmì lé lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ kan náà tí ènìyàn méjì tẹ̀ lè di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. YorubaName, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ ní 2015, ka àmì ohùn sí ju àwọn tó kù lọ, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni tirẹ̀.

Praat kò gba owó, kò sì gba dátà mọ́ bí a bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán. Ẹ̀yin olùkọ́ ní ẹ̀ka Yorùbá, ẹ má fi í pamọ́ de àwọn tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ gbé e fún ọmọ ọdún kìíní, kó fi orúkọ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.