Idẹ Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: Iṣẹ́ Ọwọ́ Asúdẹ àti Iye Tí Ó Ná Wa

Nínú ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, ẹ ó ka ìtàn àwọn àlùfáà àti àwọn olùkọ́ni. Àwa rò pé ó yẹ kí asúdẹ pẹ̀lú ní ojú ìwé kan, nítorí pé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ẹnu ọ̀nà omi fún, iṣẹ́ idẹ ti wà kí ìwé kíkà tó dé.

Báyìí ni asúdẹ ti ń ṣe é. Yóò fi amọ̀ mọ inú ère, yóò sì fi ìda oyin bò ó. Ojú, irun àti ìlà gbogbo tí a óò rí lára idẹ, ara ìda ni yóò kọ́kọ́ yọ wọ́n sí. Lẹ́yìn náà yóò fi amọ̀ kíkúnná bo ìda, yóò sì dá ihò sí i. Nígbà tí amọ̀ bá gbẹ, a ó yá a sí iná kí ìda lè yọ́ jáde. Idẹ tí ẹwìrì àti èédú ti yọ́ yóò sì gba ààyè rẹ̀. Iná náà ní láti gbóná ju 900 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí ó bá tutù, a ó fọ́ amọ̀. Ère kan ṣoṣo ni ìda kan ń bí. Bí idẹ kò bá dé ibi gbogbo, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Síbẹ̀ iṣẹ́ kò tíì parí. Asúdẹ yóò gé idẹ tí ó dì sí ẹnu ihò kúrò, yóò fi ayùn rẹ́ ẹ, yóò fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tún ìlà ṣe, yóò sì fi iyanrìn àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe ẹdan Òṣùgbó, akọ àti abo, tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀.

Ṣùgbọ́n níbo ni idẹ ti ń wá? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1500 sí 1510, Duarte Pacheco Pereira, ọ̀gá ọkọ̀ ará Pọtogí, kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan tí ó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Ó ní ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ 12 sí 15 ni a fi ń ra ẹrú kan níbẹ̀. Yàrà Erédò ṣì wà nítòsí Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbi iye yìí. Omi ọsàn lè fọ ìdọ̀tí kúrò lára idẹ. Kò lè fọ iye náà kúrò.

Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún 1892, ọ̀nà ṣí fún Míṣọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. A sì kọ́ àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n fi ẹdan sílẹ̀. Kì í ṣe èyí ni ó ń dùn wá. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé ọwọ́ tí ó mọ idẹ í yọ́ ń bá ẹdan lọ, àwa tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Míṣọ́n sì wò ó bí ó ti ń lọ. Ìda kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹdan àti àgbélébùú. Ọwọ́ ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí asúdẹ kan bá kù ní àdúgbò yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan jókòó tì í. Nígbà tí ìjọ bá sì ń fẹ́ àgbélébùú idẹ tuntun, kí ó wo àgbẹ̀dẹ ilé kí ó tó kọ̀wé sí òkèèrè. Idẹ tí a fi ra ènìyàn rí, ẹ jẹ́ kí a máa fi kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́.