Owó Òkú Yá Wa Lára Ju Owó Ìlera Lọ: Ìtàn Kan Láti Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kọ "Àmín" kí ẹ kọjá lọ. Ẹ kà á dé òpin, torí ẹ̀bi tèmi náà wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2019, àwọn kan wá bá wa lẹ́yìn ìsìn ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣàlàyé ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó. Wọ́n ní bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin á san ₦40,000 lọ́dún, ẹni tó bá dá wà á san ₦8,500. Mo fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí wọ́n jókòó, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ Ọlọ́run, a kì í sanwó de àìsàn. Ẹni tó bá ń tọ́jú owó de àìsàn, ó ń pe àìsàn ni." Gbogbo ìjọ hó yèè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹni mẹ́ta péré ló gba fọ́ọ̀mù.

Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà, arákùnrin kan nínú ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn orí fífọ́. Wẹ́dà ni, nítòsí Boundary, ó ní ọmọ mẹ́ta. Ó ń ra oògùn orí fífọ́ ní kẹ́míìsì, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Kò lọ yẹ ara rẹ̀ wò, torí ó mọ̀ pé tóun bá dé ọsibítù, káàdì lówó lórí, àyẹ̀wò lówó lórí, oògùn lówó lórí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó ṣubú sídìí iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tipẹ́, kò sì mọ̀. Ní ọsibítù tí a gbé e lọ, wọ́n ní ká kọ́kọ́ mú owó wá. A bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wa lórí fóònù, ẹgbẹ̀rún márùn-ún níbí, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́ kí owó tó pé. Ó sùn nínú Olúwa ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí kò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí a fẹ́ sin ín, ìjọ dá owó tó ju ₦400,000 lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Pósí, kánópì, ìrẹsì, aṣọ. Ó tó owó ọdún mẹ́wàá fún ìdílé rẹ̀ lórí ètò tí mo fi ṣe ẹlẹ́yà lórí pẹpẹ. Ó wá yé mi pé a lówó. Ìgbà tí a mú un jáde ni kò bójú mu.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí. Mo fẹ́ mọ ibi tí a ti kọ́ ọ pé kí kálukú máa wá owó ìtọ́jú ní ọjọ́ tí àìsàn bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo tún fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí pẹpẹ ti wá.

Àkọ́kọ́, a ò kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn baba wa. Wọ́n ń ṣe àáró lóko, wọ́n ń dá àjọ, wọ́n ń dá èésú. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, àṣà náà sì ti pẹ́ kí ìwé tó dé. Nínú èésú, o ti ń san kó tó kàn ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, owó tí o dá náà lo máa kó. Ohun mìíràn tún wà tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, òun ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú.

Bàbá mi kó ẹrù ní èbúté Àpápá. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méje ní 1975, ọdún tí ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì dí èbúté Èkó pa, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò sórí omi tí wọn ò rí ibi já ẹrù sí. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́dún yẹn, ewu náà pọ̀. Àpò sìmẹ́ńtì já lé bàbá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kán. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ò dá a lóhùn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ló sanwó oníṣègùn egungun, àwọn náà ló fún màmá mi lówó oúnjẹ fún oṣù méjì. Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá mi ti ń dá owó sínú ẹgbẹ́ yẹn lóṣooṣù láìgba kọ́bọ̀. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò kán ò gba owó wọn padà, inú ò sì bí ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó ṣì dúró dáadáa ni èrè owó tiwọn.

Ìnṣọ́ránsì nìyẹn. Bàbá mi ò mọ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ìjọba ṣe. Ní 1921 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ sí Àpápá, ní 1926 mẹ́rin àkọ́kọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn kó ènìyàn wá láti ibi gbogbo: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá. Àwọn ọ̀gá ń gbé Àpápá lábẹ́ ibòji igi. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù ń gbé Ajégúnlẹ̀, níbi tí wọ́n ti lè rí yàrá kan gbà.

Òyìnbó yìí kan náà mọ ohun tó yẹ. Jámánì ti ṣe òfin adójútòfò àìsàn láti 1883: òṣìṣẹ́ ń san ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọ̀gá rẹ̀ ń san ìdá tó kù. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú tiwọn ní 1911. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà níbí, òfin tí wọ́n ṣe ní 1941 jẹ́ ti owó ìtanràn fún ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1961, lẹ́yìn òmìnira, a ní owó ìfipamọ́ òṣìṣẹ́ fún ọjọ́ ogbó. Kí ọwọ́ kán lẹ́nu iṣẹ́, òfin wà. Kí èèyàn darúgbó, òfin wà. Kí ibà mú ọmọ rẹ nílé ńkọ́? Òfin kankan ò sí fún ìyẹn.

Ní 1962, Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ìlera ìjọba àpapọ̀, gbìyànjú. Ó gbé àbá adójútòfò ìlera kalẹ̀ fún Èkó. Àbá náà rí àtakò, kò sì di òfin. Nígbà yẹn, Èkó tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣàkóso yàtọ̀ sí Ìwọ̀-Oòrùn, ààlà àárín wọn sì gba àdúgbò wa kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ kẹ̀kẹ́ ní Boundary lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Ní apá Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba Awólọ́wọ̀ ti ń fún àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 18 lọ ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó dé ní 1967. Láti 1979 títí di òpin 1983, ìjọba Lateef Jakande náà ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́.

Ọ̀fẹ́ dùn, èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ tó rọ̀ mọ́ ìjọba kan, ọjọ́ tí ìjọba yẹn bá lọ ló ń lọ. Sójà gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù December 1983. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, SAP dé ní 1986, "mú owó wá ná" sì padà sẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Ó di 1999 kí òfin adójútòfò ìlera tó wà fún gbogbo Nàìjíríà, ó tún di 2005 kí Ààrẹ Ọbásanjọ́ tó ṣí i, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Láti 1962 sí 2005, ọdún 43. Bàbá mi dàgbà, ó gbó, ó sì kú láàárín rẹ̀.

Ti Èkó, òfin rẹ̀ wà láti 2015, ètò náà gan-an bẹ̀rẹ̀ ní òpin 2018 lábẹ́ Gómìnà Ambode. Ní oṣù May 2022, òfin tuntun sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù July 2024, Gómìnà Sanwó-Olú fọwọ́ sí àṣẹ tó fìdí ìyẹn múlẹ̀ ní Èkó. Dandan ti wà nínú ìwé. Síbẹ̀, nínú ₦100 tí a ń ná lórí ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí, ó ju ₦70 lọ tó ń jáde tààrà látinú àpò aláìsàn àti àwọn ẹbí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí pẹpẹ wá ńkọ́? Ìyẹn náà ní ìtàn. Ní 1918, àrùn gágá tó pa ènìyàn káàkiri ayé gba ojú òkun wọ Èkó, ó sì tàn dé àwọn ìlú wa. Oògùn ò ràn án. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Bàbá Joseph Ṣàdáre àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ fún àdúrà, Ọlọ́run sì fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun ńlá. Ní 1930 ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà. Ní òpin àwọn ọdún 1930, àwọn baba wa kan yapa kúrò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí wọ́n jọ ń ṣe, torí àwọn òyìnbó yẹn ń lo kuiníìnì fún ibà. Látinú ìyapa yẹn ni ìjọ Christ Apostolic ti jáde.

Mi ò ní fi àwọn baba wọ̀nyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ láé. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ò lo oògùn, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n tọ́jú aláìsàn sínú ilé àdúrà, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n bá a sùn, wọ́n bá a jí. Ó ná wọn ní nǹkan. Èmi ńkọ́? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi wà nínú dúróà mi ní ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ yẹn. Mo ń ra tèmi lóṣooṣù, mo wá ń sọ fún wẹ́dà pé kó má sanwó sílẹ̀. Mo yá gbólóhùn àwọn baba lò, mi ò yá ìrúbọ wọn. Ẹ dárí jì mí.

Ẹ ṣí Galatia orí kẹfà. Ní ẹsẹ kejì, Pọ́ọ̀lù ní ká bá ara wa ru ẹrù. Ní ẹsẹ karùn-ún, ó ní kálukú á ru ti ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń mú ọ̀kan, a ń fi èkejì sílẹ̀. Ẹni tó lówó á mú ẹsẹ karùn-ún, "kálukú kó gbọ́ bùkátà ara rẹ̀." Ẹni tí kò ní á mú ẹsẹ kejì, "ẹ wá gbà mí." Àwọn méjèèjì ń gbé pọ̀ nínú orí kan náà, ẹ̀yin ará. Ojúṣe tèmi ni kí n dá tèmi sílẹ̀ nígbà tí ara mi ṣì le, bíi ti Jósẹ́fù tó ń kó ìdá kan nínú márùn-ún ọkà pamọ́ ní ọdún ọ̀pọ̀, kí ìyàn tó dé. Kò sẹ́ni tó pe Jósẹ́fù ní aláìgbàgbọ́. Lẹ́yìn tí mo bá ti dá a tán, kì í ṣe tèmi nìkan mọ́, ẹrù gbogbo wa ni.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. "Pásítọ̀, mo san, mi ò sì ṣàìsàn, owó mi ti ṣòfò." Kò ṣòfò. Ó ti wo ọmọ ẹlòmíràn sàn, ìwọ sì sùn nílé rẹ. Ṣé o máa ń bínú pé ilé rẹ ò jóná? "Pásítọ̀, tí mo bá dé ọsibítù tí wọ́n ní oògùn ti tán ńkọ́?" Ó máa ń ṣẹlẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti sanwó lẹ́nu láti béèrè, ìgbà tí a bá sì jẹ́ ọgọ́ta tí a jọ san, ohùn wa á dún ju ti ẹnì kan tó ń sunkún lóru lọ.

"Pásítọ̀, mi ò ní ₦40,000." Èyí ló nira jù, òótọ́ sì ni. Iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni mo sọ yẹn o, ẹ béèrè iye tòní kí ẹ tó gbéra. Ìyá tó ń ta ẹja, ojoojúmọ́ lowó rẹ̀ ń wọlé, ojoojúmọ́ ló sì ń jáde. Kì í ṣe pé kò mọ ojúṣe rẹ̀, àròpọ̀ owó yẹn lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ṣẹ́ ẹ lápá. Ṣùgbọ́n ẹ pín ₦40,000 sí ọjọ́ 365, kò tó ₦110 lójúmọ́ fún ẹni mẹ́fà. Kí ni àjọ wà fún?

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìjọ wa fi bẹ̀rẹ̀ àjọ ìlera. Ìyá kan tó ti ń gba àjọ lọ́jà fún ogún ọdún ló ń kó o jọ, owó náà kì í kan ọwọ́ mi. Tó bá pé, a jọ ń lọ forúkọ sílẹ̀. Fún àwọn opó àti àwọn arúgbó tí kò ní rárá, a ń yọ nínú ọrẹ. Ìdílé àkọ́kọ́ tí a san tiwọn ni opó wẹ́dà yẹn àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Kò dá bàbá wọn padà. Mo mọ̀.

Ìjọba náà ní tirẹ̀ láti ṣe, a ò ní yé béèrè. Ọdún 43 ti kọjá lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ṣe nǹkan méjì fún mi. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò. Kí ẹ sì bá ẹnì kan tí ẹ jọ ń gbé nínú àgbàlá sọ̀rọ̀ àjọ yìí, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ wa tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Màá ṣì máa gbé ọwọ́ lé aláìsàn, màá ṣì máa gbàdúrà, torí Ọlọ́run ṣì ń wonisàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀, tí ẹ bá rí àwọn tó mú fọ́ọ̀mù wá, mi ò ní fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún mọ́. Èmi fúnra mi ni màá tò sílà àkọ́kọ́.

Olúwa á dá wa sí. Ọjọ́ ibi ò ní bá wa lójijì. Àmín.