Inú Ọ̀pá Ìbọn: Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Alágbẹ̀dẹ Pennsylvania

Ọdún 1960 ni ìwé pàtàkì méjì jáde lórí ìbọn gígùn ilẹ̀ Pennsylvania, ti Henry Kauffman àti ti Joe Kindig. Ojú iṣẹ́ ọnà ni Kindig fi wo ìbọn yìí: ohun tí wọ́n fín sára igi rẹ̀ àti idẹ tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ló jẹ ẹ́ lógún. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ṣì ń tọ̀. Èrò tiwa ni pé ibi tí ojú kì í tó lára ìbọn náà ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù.

Àwọn ará Jámánì àti Switzerland tó tẹ̀dó sí agbègbè Lancaster ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún ló gbé iṣẹ́ náà débẹ̀. Ìbọn ọdẹ tí wọ́n ń lò nílé kúrú, ihò rẹ̀ sì fẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 40 sí 46, wọ́n sì dín ihò rẹ̀ kù, kí òjé àti ẹ̀tù tí ọdẹ gbé wọ igbó jíjìn má baà tètè tán. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki í, bíi ti ṣakabùlà wa. Ṣùgbọ́n inú ṣakabùlà ń dán bọ̀rọ́, tèyí sì ní ilà.

Irin pẹlẹbẹ ni ọ̀pá náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ á fi í sínú iná èédú, á ká a mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á máa lù ú títí etí méjèèjì á fi jó pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lẹ̀. Bí iná bá kéré, kò ní lẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, irin á jóná. Lẹ́yìn tó bá ti lu inú rẹ̀ tán, á na okùn tín-ín-rín gba inú ihò náà, á fojú sí i: ibi tí okùn kò bá ti fara kan irin ni ọ̀pá ti tẹ̀.

Ilà kíkọ ló gba sùúrù jù. Eyín irin kékeré kan ló wà lórí ọ̀pá igi hickory, tí òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ilà lílọ́ sí lára ń darí. Bí oníṣẹ́ ṣe ń fà á ni òpó ń yí, tí eyín sì ń ha inú irin fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ilà méje ló wọ́pọ̀, wọ́n sì sábà máa ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín nǹkan bí ínǹṣì 48. Bí eyín náà kò bá ha nǹkan mọ́, oníṣẹ́ á fi bébà pélébé kan tì í lábẹ́ kó lè yọ sí i, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ilà wọ̀nyí ló ń mú kí ọta tí wọ́n fi aṣọ ọlọ́ràá wé máa yí bó ṣe ń jáde, tí kì í fi í yà bàrá.

Igi maple aláràbarà ni ìdí ìbọn náà, ásíìdì tí wọ́n po irin mọ́ ni wọ́n sì fi ń kùn ún. Àpótí idẹ onílẹ̀kùn tó wà lára rẹ̀, tí àwọn ará Lancaster sábà ń fi òdòdó daisy parí, rẹwà púpọ̀. Aṣọ ọlọ́ràá ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀.

Ní Williamsburg, Virginia, Wallace Gusler fi irinṣẹ́ ayé ìgbà náà rọ odindi ìbọn kan, fíìmù tí wọ́n ṣe nípa iṣẹ́ rẹ̀ sì jáde ní 1969. A rọ àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìbọn wọ̀nyí ní mùsíọ́mù pé kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì máa kọ iye ilà inú ọ̀pá àti bó ṣe yí sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán idẹ àti igi.