Láti Ìkòkò Ọṣẹ dé inú Ara: Ìtàn Ìmọ̀ nípa Ọ̀rá

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn obìnrin Yorùbá ti ń po àdín mọ́ omi eérú láti fi ṣe ọṣẹ dúdú. Wọ́n mọ̀ dájú pé epo tí ó bá jinná pọ̀ mọ́ omi eérú kì í ṣe epo mọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú ọ̀rá tí ó fi ń yí padà bẹ́ẹ̀?

Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Ọṣẹ tí a fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ni ó bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ wò ní ọdún 1811. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1823, ó fi hàn pé ohun méjì ni ó para pọ̀ di ọ̀rá: ásíìdì ọ̀rá, àti omi dídùn tí Scheele, ará Swídìn, ti kọ́kọ́ rí ní ọdún 1779. Chevreul sọ omi náà ní gílísẹ́rínì. Ìmọ̀ òde òní fi yé wa pé gílísẹ́rínì kan ni ó so ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta pọ̀. Ní ọdún 1840, Edmond Frémy rí ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì wọ̀nyí nínú epo pupa. Palmitic ni ó ń jẹ́, láti ara orúkọ ọ̀pẹ.

Bí ìhun ọ̀rá ti hàn tó, iṣẹ́ rẹ̀ nínú ara ṣì fara sin. Èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé bí igi ìdáná lásán ni ó rí: gíráàmù kan a máa mú kálórì 9 wá, nígbà tí ti sítáàṣì kò ju 4 lọ.

Ní ọdún 1929, George àti Mildred Burr, tọkọtaya olùwádìí ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn eku tí wọ́n fún ní oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá. Awọ ara wọn ń bó bí ìpẹ́ ẹja, wọn kò dàgbà mọ́, kíndìnrín wọn bàjẹ́, wọ́n sì kú. Ní ọdún 1930, tọkọtaya náà fi hàn pé ásíìdì linoleic díẹ̀ tó láti wo irú àwọn eku bẹ́ẹ̀ sàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́.

Ìhun ásíìdì náà ni ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Kábọ́ọ̀nù 18 ni ó ní, pẹ̀lú ìdè onílọ̀ọ́po-méjì ní ọ̀nà méjì. Ara ènìyàn kò lè fúnra rẹ̀ ṣe irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó nílò rẹ̀ láti fi hun awọ sẹ́ẹ̀lì.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ pé agbára nìkan ni ọ̀rá ń fún ara, ìmọ̀ tí ó ti kógbá sílé láti ọdún 1929 ni ó ń kọ́ wọn.