Ìwé Kíkọ àti Òmìnira: Ẹ̀kọ́ láti Fiẹtnám àti Ṣáínà

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Láti Alákijà títí dé Fẹ́sítáàkì, gbogbo ènìyàn ni ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ṣáínà: ilé iṣẹ́ wọn kan, CCECC, ni ó ṣe ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Marina dé Mile 2, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ṣùgbọ́n irin àti òwò nìkan kọ́ ni a lè kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Bí àwọn àti àwọn ará Fiẹtnám, aládùúgbò wọn, ti ṣe ọ̀ràn ìwé kíkọ yẹ kí àwa tí a ń kọ́ èdè gbé yẹ̀wò.

Ní ọdún 111 ṣáájú ìbí Kristi ni Ṣáínà gba ìhà àríwá Fiẹtnám. Ó jọba lé e lórí fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, títí Ngô Quyền fi ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun náà ní odò Bạch Đằng ní 938. Ọba Ṣáínà lọ, ìwé Ṣáínà kò lọ. Òun ni a fi ń kọ òfin, òun ni a sì fi ń ṣe ìdánwò tí a fi ń yan àwọn ìjòyè. Àwọn ọ̀mọ̀wé Fiẹtnám fa àmì tiwọn yọ lára ti Ṣáínà, èyí tí à ń pè ní chữ Nôm, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ ìwé Ṣáínà kò lè kà á. Báyìí ni ìwé ṣe di ohun ìní àwọn díẹ̀.

Àwọn àlùfáà Àgùdà ni ó kọ́kọ́ fi a, b, d kọ èdè náà. Ní 1651, Alexandre de Rhodes tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní Róòmù. Èdè olóhùn ni, bíi tiwa: ma jẹ́ iwin, má lè jẹ́ ìyá, mã jẹ́ ẹṣin, mạ sì jẹ́ ọ̀gbìn ìrẹsì. Àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n.

Nígbà tí àwọn Faransé gba ilẹ̀ náà, wọ́n gbé ìwé yìí lárugẹ kí Fiẹtnám lè gbàgbé Ṣáínà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kórìíra rẹ̀, wọ́n ní ti àjèjì ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń wá òmìnira rí i pé àgbẹ̀ lè mọ̀ ọ́n kà láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n sì gba idà mọ́ ọ̀tá lọ́wọ́. Ní 1938 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa fi kọ́ àwọn mẹ̀kúnnù. Hồ Chí Minh kéde òmìnira ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án, 1945. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn kọ́ ọ.

Ṣáínà gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fòpin sí ìdánwò àtijọ́ ní 1905. Ọba wọn ìkẹyìn sì fi orí oyè sílẹ̀ ní 1912. Àwọn kan ní kí a da àmì àtijọ́ nù pátápátá. Ṣùgbọ́n ará Beijing àti ará Canton kì í gbọ́ ara wọn bí olúkúlùkù bá ń sọ èdè ilé rẹ̀. Àmì yìí ni wọ́n jọ ń kà. Nítorí náà wọ́n pa á mọ́. Wọ́n mú púpọ̀ nínú rẹ̀ rọrùn ní 1956, wọ́n sì fọwọ́ sí pinyin, tí a ń fi a, b, d kọ, ní 1958, kí ọmọdé lè fi mọ bí a ti ń pe ọ̀rọ̀.

Àwa ńkọ́? Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843; Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859; àpérò 1875 ní Èkó jíròrò lórí àkọtọ́; ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Títí dé ibẹ̀, ọ̀nà wa àti ti Fiẹtnám jọra. Ibi tí a ti yà ni pé àwọn fi èdè wọn ṣòfin, wọ́n fi kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, wọn kò sì fi àmì ohùn ṣeré. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, bákan náà ni a ń kọ wọ́n sára ògiri àti pátákó.

Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní kíláàsì mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 ó fagi lé e. Ẹnìkan lè wí pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀ ní Amuwo-Odofin, níbi tí ọmọ Àwórì, ọmọ Ògù àti ọmọ Ìgbò ti ń jókòó ní kíláàsì kan. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù, nítorí èdè orílẹ̀-èdè wa ju irinwó lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba wo ni ó ní kí a má fi àmì sórí ohun tí a bá kọ? Ẹgbẹ́ 1938 kò dúró de òmìnira kí wọ́n tó máa kọ́ni. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ tiwa náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọwọ́ wa tó.