Ara Ìbọn Àgbà: Láti Birmingham Dé Oko Minna

Àwọn Gbagyi tó tẹ Minna dó máa ń sọ pé inú iná ni orúkọ ìlú náà ti jáde. Bí ọdún tuntun bá fẹ́ wọlé, wọ́n á pa gbogbo iná àtijọ́ tó wà nínú ilé, wọ́n á dá tuntun, wọ́n á sì pín in kiri. Ìlú oníná yìí kò jìnnà sí Bida, níbi tí àwọn Nupe ti ń rọ irin, tí wọ́n ń lu idẹ, tí àwọn ará Masaga sì ń yọ́ ìgò. Ó súnmọ́ Zungeru pẹ̀lú, tí àwọn òyìnbó fi ṣe olú ìlú Àríwá Nàìjíríà ní 1902. Irin ogun ti gba àárín àwọn ìlú wọ̀nyí kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, èjìká ọdẹ ló wà.

Ẹni tó bá gba ṣakabùlà àgbà lọ́wọ́ ọdẹ kan, tó sì fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, yóò rí i pé ìdí ìbọn náà ti ń dán níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń sinmi lé, ó sì ti dúdú níbi tí ọwọ́ òsì ń dì mú. Níbi tí igi ti là, awọ ẹran ni wọ́n fi wé e. Tútù ni wọ́n wé awọ náà. Nígbà tó gbẹ, ó sún kì, ó fún igi pọ̀ bí ẹni fi irin dè é. Ẹ̀rọ ìṣáná rẹ̀ lè ti òkè òkun wá, kí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ páìpù omi, kí igi ìdí rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ọmọ ọmọ ẹni tó kọ́kọ́ rà á gbẹ́. Ọdún mélòó ni kí èèyàn wá kà fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀?

Àwọn òyìnbó ń pè é ní Dane gun nítorí àwọn oníṣòwò Denmark tó ń ta ìbọn létíkun Gold Coast láyé ọjọ́un, ṣùgbọ́n Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Nígbà tó yá, Liège ní Belgium náà bá wọn dá sí i. Ìbọn ọjà ni, wọn kò fi owó ńlá ṣe é. Igi beech tí kò wọ́n ni wọ́n fi ń ṣe ìdí ọ̀pọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀dà pupa kùn ún kó lè wu oníbàárà. Ní 1813, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dá ilé ìdánwò ọ̀pá ìbọn sílẹ̀ ní Birmingham. Ẹ̀tù tó pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń kì sínú ọ̀pá níbẹ̀. Èyí tí kò bá fọ́, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i lára. Òǹtẹ̀ kékeré yìí wúlò fún ìtàn ju gbogbo ọ̀ṣọ́ ara ìbọn lọ, òun sì ni fáìlì ẹni tó ń kánjú sọ irin di dídán máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Kì í ṣe ìbọn ọjà nìkan ló wọlé. Bí àwọn ọmọ ogun Yúróòpù bá ti rí ìbọn tuntun, wọ́n á kó àtijọ́ tà fún oníṣòwò, ó di Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn fúnra wọn kò kọ àtúnṣe. Ìbọn Snider tí Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1866, Enfield ti 1853 ni wọ́n gé nídìí, tí wọ́n so ìlẹ̀kùn irin mọ́, kí ọta lè máa gba ẹ̀yìn wọlé dípò ẹnu. Ẹni tó ń kì ìbọn lẹ́nu á yìn ín ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan bí ọwọ́ rẹ̀ bá yá. Ẹni tó ní Snider lè yìn tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

Ilẹ̀ Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yẹn lára. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 sí 1893, ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn lábẹ́ Ààrẹ Látòósà gbé lọ sójú ogun. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ra ìbọn àtẹ̀yìnkì ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti àwọn Èkìtìparapọ̀. Ìró ìbọn ńlá ojú ogun yẹn gan-an ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ.

Ní oṣù Kíní 1897, ó kan Bida. Nǹkan bí 500 ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger Company, pẹ̀lú ìbọn Maxim àti àwọn ìbọn ńlá, ṣẹ́gun Etsu Abubakar àti ogun ẹlẹ́ṣin rẹ̀ tó pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ogun Lugard, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní Àríwá Nàìjíríà, gba Kontagora. Kí ọdún 1912 tó parí, ojú irin láti Èkó àti èyí tó ti Baro wá ti pàdé ní Minna, ìlú náà sì di oríta.

Kí ló wá dé tí ìbọn oníṣáná bíi ṣakabùlà kò fi parẹ́ lẹ́yìn gbogbo èyí? Àwọn kan rò pé ọdẹ ilẹ̀ wa kò fẹ́ tuntun ni. Irọ́ gbáà. Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels lórí òwò ẹrú, wọ́n sì ṣòfin pé a kò gbọdọ̀ kó ìbọn ìgbàlódé wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti ìlà 20 níhà àríwá títí dé ìlà 22 níhà gúúsù. Ìbọn oníṣáná àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n yọ̀ǹda pé a lè tà. Minna, tó wà ní nǹkan bí ìlà 9 àti ààbọ̀, bọ́ sáàárín pátápátá. Ohun tí àwọn kan ń pè ní àṣà, orí tábìlì òyìnbó ni wọ́n ti pa á láṣẹ.

Bí ìbọn tuntun kò ṣe lè wọlé, ìtọ́jú àtijọ́ di ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀tù ni ọ̀tá àkọ́kọ́: bí a bá ti yìnbọn tán, eérú rẹ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí a kò bá sì fi omi gbígbóná fọ inú ọ̀pá, kò ní pẹ́ dógùn-ún. Ní Minna, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, kò ṣeé fi dọ̀la. Igi ní tirẹ̀ kò fẹ́ ọyẹ́: ó máa ń gbẹ, ó máa ń sún kì, ìṣó á tú. Ewé eépín, tó le gbàrágbàrá bí ahọ́n màlúù, ni àwọn àgbà fi ń ha igi kí wọ́n tó ta ọ̀rá sí i. Ọ̀rá tó bá wà nítòsí ni wọ́n ń lò: epo pupa níhà gúúsù, òrí níhà Niger níbi tí igi òrí ti kún igbó.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn alágbẹ̀dẹ ológun Gẹ̀ẹ́sì gbà, ó sì yani lẹ́nu. Wọn kì í sá fún ìpáàrà, wọ́n ń sìn ín ni. Wọ́n á pa oògùn sí ọ̀pá ìbọn kó lè dógùn-ún díẹ̀, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì irin nu èyí tí kò dì mọ́ ọn kúrò, wọ́n á tún pa á. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà, irin á ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí ìpáàrà mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ̀. Bí wọ́n bá sè é nínú omi híhó, pupa yẹn á di dúdú. Igi walnut ni ti ìdí rẹ̀ (kì í ṣe àsálà tiwa, èyí tó ń fà bí ìtàkùn), wọ́n sì máa ń fi epo linseed kùn ún títí yóò fi mu ún yó.

Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà gbé lọ sí Burma. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà ní àfonífojì Kaladan ní 1944, nínú igbó tí òjò rẹ̀ pọ̀. Nínú ihò ìdí ìbọn Lee-Enfield tí wọ́n gbé ni ìgò epo kékeré àti okùn ìnunú máa ń wà, aṣọ ìnunú rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì mẹ́rin sí méjì. Nígbà ogun yẹn, walnut kò tó mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo beech àti birch. Lẹ́yìn ogun, wọ́n kun irin àwọn kan ní ọ̀dà dúdú.

Ọ̀dà dúdú yẹn ni àwọn tó ń ṣe ìbọn ogun àtijọ́ lọ́jọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ń bá ara wọn jà lé lórí lónìí. Àwọn kan á bó o, wọ́n á ha igi títí àpá yóò fi lọ, wọ́n á tún un kùn. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n fi epo díẹ̀ nu ún, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn 1959 ti bá wa parí ìjà náà: ìbọn ogun oní-.303 bíi Lee-Enfield wà lára èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní, ṣakabùlà sì wà ní abala tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbọn ogun, kó lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia, tí wọ́n ṣí ní 1985.

Tí wọ́n bá bi alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa léèrè, bóyá ni yóò mọ̀ pé ìjà kankan wà. Kì í ronú bí ìbọn yóò ṣe padà rí bó ṣe rí ní Birmingham. Kó yìn lọ́la ló ń wá. Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ pa ìtàn mọ́ ju ti ẹni tó ń wá dídán lọ. Awọ tó wé mọ́ igi yẹn, ìṣó idẹ méjì tó gbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, páìpù tó fi rọ́pò ọ̀pá tó fọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ ẹni tó ti lò ó àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá bó o, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún padà, ìbọn ọjà á tún di ìbọn ọjà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé Minna, tí igi ìdí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ìka òrí kan ni ọdẹ máa ń bù, ó sì ń ti ẹ̀gbẹ́ awọ yẹn bẹ̀rẹ̀.